Olúbùsọ́lá Oyèbánjí, Ìyá Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Ya Ìyá àti Ọmọ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1956 ni a bí Màmá wa, Olúbùsọ́lá Àbẹ̀ní, sínú ìdílé Òdúnúgà ní Òkè-Sọ́pẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó. Sámúẹ́lì ni orúkọ bàbá wọn, iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Ràhílà ni ìyá wọn, ẹní ni wọ́n ń hun. Ọmọ kẹta ni Màmá nínú ọmọ mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà sọ pé Àbẹ̀ní kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n bí ó bá bínú tán, ẹ máa ka ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọn gbé ní Dagenham mọ̀ pé ìwà yẹn bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú wá.

Wọ́n lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì jáde ní ilé-ìwé Mọ́dà ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé wọn dé ìlú òyìnbó, ọwọ́ ìyá bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìyá Àgbà yìí ni àdúgbò máa ń ké sí bí obìnrin bá kú, kí wọ́n wá wẹ òkú rẹ̀. Màmá ló ń bá wọn gbé omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń wẹ òkú, pé a kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀, àti pé a gbọ́dọ̀ pe òkú lórúkọ kí a tó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Ní ọdún 1980, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Dávídì Oyèbánjí, ọmọ Òkè-Àgbò, mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú gírísì. Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì dé Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá kan lẹ́yìn ọjà East Street ní Barking ni wọ́n gbà. Bàbá rí iṣẹ́ sí gáréèjì bọ́ọ̀sì, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ́fíìsì ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1984, Màmá bí ọmọ ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti wó lulẹ̀ báyìí. Ọmọ náà kò ké. Nọ́ọ̀sì fi tówẹ̀ẹ̀lì wé e, ó sì gbé e jáde kí Màmá tó gbé orí sókè. Wọn kò rí ojú ọmọ náà. Wọn kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n béèrè, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ sinmi, pé wọ́n ṣì kéré, wọ́n á bí òmíràn. Bàbá fọwọ́ sí ìwé kan, ilé ìwòsàn sì ní àwọn á bá wọn sin ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òyìnbó àti adúláwọ̀ nígbà náà nìyẹn.

Nílé, àwọn àgbà ló máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á padà wá láìsọ ohunkóhun, kí ìyá ọmọ má baà máa wo ọ̀nà ibẹ̀. Nítorí náà ó dà bí ẹni pé ohun tí ilé ìwòsàn ṣe bá àṣà wa mu. Màmá bi Bàbá léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ibi tí wọ́n gbé ọmọ náà sí. Bàbá ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn èyí, odindi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Kò sì ní orúkọ tí wọn ì bá fi pè é, nítorí kò dé ọjọ́ kẹjọ.

Ọlọ́run fi Jésùfẹ́mi ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1986, Dámiláre dé ní 1989, Ayọ̀mípọ̀sí sì dé ní 1993. Ọdún tí wọ́n bí Jésùfẹ́mi, ẹni tí ó ń kọ ìtàn yìí, ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú, nígbà tí ìjọ ṣì ń yá gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lò. Níbẹ̀ ni Màmá ti di Ìyá Àdúrà. Àwọn náà ni olórí àwọn ìyá tí ń wẹ òkú obìnrin inú ìjọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ní sùtánà. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ jókòó síbí lónìí, ọwọ́ Màmá ló wẹ ìyá yín.

Ní 1997, wọ́n kó lọ sí Goresbrook, ilé tí Màmá fi gbin ewúro sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí gbogbo ìjọ sì ń já. Fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Marks Gate láràárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bọ́ọ̀sì yìí sọ́kàn. Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2011. Nínú Bíbélì wọn, lójú ewé ìkẹyìn, a rí ohun kan tí wọ́n fi bírò kọ: E 217. A gbà pé orin tí wọ́n fẹ́ ni. A ṣí ìwé orin wò, a rí orin igba ó lé mẹ́tàdínlógún, orin ìkórè ni. A kọ ọ́ nídìí pósí náà bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ń wo ara wọn lójú.

Ní 2014, Màmá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́, wọ́n ń gbálẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá odò Roding ní Barking. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló ni ín, àwọn tí ń walẹ̀ láti fi mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé. Màmá kò bìkítà fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìkòkò fífọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé wọlé, Màmá sì máa ń sọ nílé pé òyìnbó ní àyè.

Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọ abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Thornhatch, ní Essex, fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí láti ẹgbẹ̀rin ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti wà, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń sáré sí. Ìhà àríwá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni páìpù omi máa gbà. Kò sí òkúta sàréè kankan níbẹ̀, koríko lásán ni, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí awalẹ̀pìtàn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá òkú mẹ́tàlélógún. Wọ́n ní ìhà yẹn ni wọ́n ń sin àwọn tálákà sí láyé àtijọ́, àti àlejò, àti ọmọ tí kò tí ì ṣe ìrìbọmi. Wọ́n kó egungun wọn wá sí Barking láti fọ̀, kí wọ́n wọ̀n wọ́n, kí wọ́n sì dá wọn padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá ń fi mọ́ọ̀pù nu ilẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ki nǹkan tí a fi ń gbọ́ orin bọ etí, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ egungun nínú omi tútù. Màmá gbé mọ́ọ̀pù sílẹ̀. Wọ́n lọ bá Chloe, ọmọbìnrin òyìnbó tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń fọ̀ yẹn. Chloe ní nọ́ńbà nìkan ni àwọn mọ̀. Màmá ní kò burú, àwọn á máa fi nọ́ńbà náà pè wọ́n, ṣùgbọ́n kí Chloe jẹ́ kí àwọn wẹ̀ wọ́n, kí ó sì wá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Chloe gbà. Ó kọ́ Màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì: egungun ọwọ́ òsì ní àpò tirẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún ní tirẹ̀, a kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kan eyín, orí ìwé ìròyìn ni a ń sá egungun sí, kì í ṣe lẹ́bàá ẹ̀rọ amúlégbóná, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà lára àpò kọ̀ọ̀kan. Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ ìran sílẹ̀ nínú ìsìn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á kí ẹni tí ó kàn: "Ẹni Kẹta, ẹ kú àárọ̀ o, mo fẹ́ gbé ọwọ́ yín." Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn náà fi yọ nǹkan kúrò létí.

Ẹni Kẹrìnlá jẹ́ obìnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni Kẹẹ̀dógún jẹ́ ọmọ tuntun, egungun apá rẹ̀ kò gùn ju ìka Màmá lọ. Inú ihò kan náà ni wọ́n ti bá wọn, ọmọ náà sùn sí apá ọ̀tún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ ni pé olúkúlùkù ní páálí tirẹ̀, orí pẹpẹ ọ̀tọ̀ sì ni páálí kékeré máa ń wà. Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi wẹ àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbẹ, Màmá wo ìyá lápá ibí, wọ́n wo ọmọ lápá ọ̀hún, wọn kò sì lè gbà á. Wọ́n gbé ọmọ náà kúrò nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú àpò rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí apá ọ̀tún ìyá rẹ̀, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú lórí páálí, wọ́n dé e. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, ọjọ́ kejì wọ́n bọ́ sínú àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti ìjọ, wọ́n sì pa fóònù bí a ti ń ṣe.

Àárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ọ̀mọ̀wé kan dé láti yunifásítì láti wá wọn egungun àwọn ọmọdé. Ó ṣí páálí Ẹni Kẹẹ̀dógún, ó ṣófo. Ariwo ta. Wọ́n tú gbogbo páálí orí pẹpẹ kékeré, wọ́n da àpò ìdọ̀tí sílẹ̀, wọ́n sẹ́ omi ìdọ̀tí inú àgbá. Chloe pe Màmá ní ìgbà mọ́kàndínlógún, kò wọlé. Ìwé àṣẹ tí wọ́n gbà sọ pé gbogbo egungun ló gbọ́dọ̀ padà sí Thornhatch. Chloe ti ń sunkún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àlùfáà ibẹ̀ pé àwọn ti sọ ọmọ kan nù.

Màmá dé ní ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú mọ́ọ̀pù wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n lọ tààrà síbi páálí Ẹni Kẹrìnlá, wọ́n ṣí i, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ní èdè méjèèjì pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí wọn: "Who said he's missing? Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ẹ ń wá a kiri!"

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan egungun mọ́, kí wọ́n gbájú mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá. Ká sòótọ́, ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Bí àpò bá dàpọ̀, iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ló bàjẹ́. Màmá gbà pé ó yẹ kí àwọn béèrè, wọ́n sì tọrọ àforíjì. A kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé àwọn kò ní tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Chloe gbé tíì lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é. Màmá sọ fún un. Gbogbo rẹ̀: ilé ìwòsàn, tówẹ̀ẹ̀lì, ọmọ tí kò ké. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ inú wọn kò gbọ́ rí, àjèjì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó dùn wá nígbà tí a mọ̀, a kò ní parọ́ lójú òkú wọn. Chloe ní ìwé wà. Ó ní gbogbo òkú tí wọ́n bá sin ní ìlú yìí, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, òun sì mọ bí a ṣe ń wá a.

Màmá ní kí ó má wá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi ń bá ọkàn wọn jà lórí rẹ̀. Ní ìkẹyìn, wọ́n lọ bá Àpọ́sítélì Olúṣínà, olórí ìjọ wa, wọ́n bi wọ́n bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìyá wá ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àpọ́sítélì dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Ìyá Àdúrà, Màríà dúró nídìí àgbélébùú ọmọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e. Ẹ lọ wá ọmọ yín."

Chloe bá wọn kọ̀wé béèrè, lẹ́tà èsì sì dé ní oṣù kẹta ọdún 2017. Màmá ní kí Jésùfẹ́mi kà á sí àwọn létí lójú àwọn àbúrò rẹ̀, ìgbà náà sì ni a kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan wà. Ìlà kan péré ni: ọmọ Oyèbánjí, obìnrin, tí wọ́n sin ní oṣù kọkànlá ọdún 1984 ní itẹ́ òkú kan lápá Marks Gate. Màmá ní kí ó tún kà á, ó sì tún un kà. "Obìnrin," ni Màmá ń wí. "Obìnrin ni."

Jésùfẹ́mi ní, "Mummy, wait. So èmi kọ́ ni first born?"

"Ìwọ ni ìkejì. Kà á lọ, má dà mí láàmú."

Ohun tí ó kù nínú lẹ́tà náà ni nọ́ńbà sàréè. E 217. Dámiláre ló dìde, ó lọ mú Bíbélì Bàbá wá, ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ó sì gbé e lé Màmá lórí itan.

Bàbá mọ̀. Láti ọdún 1984 títí di ọjọ́ ikú wọn, wọ́n mọ̀, àwa sì fi orin ìkórè sin wọ́n. Màmá ṣíwọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n yí fọ́tò Bàbá dojú kọ ògiri. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì kọjá ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú yẹn láràárọ̀, ọkọ wọn tí ó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ mẹ́ta tí a sọ ṣáájú di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú náà ni bàbá arúgbó kan tí ń gé koríko níbẹ̀ sọ fún wọn pé ọkùnrin adúláwọ̀ kan máa ń wá ní gbogbo oṣù kọkànlá, á ṣí fìlà, á dúró, kò sì ní sọ nǹkan kan títí á fi lọ. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun ti rí i kẹ́yìn. Màmá sunkún níbẹ̀ bí a kò ti rí wọn kí wọ́n sunkún rí, àní nígbà ikú Bàbá pàápàá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n yí fọ́tò náà padà.

Ọmọ mẹ́wàá ló wà nínú sàréè E 217. Màmá gbé omi, iyọ̀ àti oyin lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì sọ ọmọ wọn ní Monísọ́lá. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn mẹ́sàn-án tó kù pẹ̀lú.

Ní ọdún 2018, wọ́n dá àwọn òkú Thornhatch padà. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ké sí Màmá. Ó ní àwọn ti wọn gbogbo ohun tó yẹ kí àwọn wọ̀n, àwọn sì ti pinnu pé páálí méjìlélógún ni òkú mẹ́tàlélógún náà yóò bá lọ. Màmá kó àwọn ìyá ìjọ lọ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn nínú sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu géètì ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nínú òjò. Àwọn ará abúlé dúró, wọ́n ń wò. Kò pẹ́ tí àlùfáà wọn fi tẹ̀ ba, tí òun náà ń tú okùn bàtà rẹ̀. Wọ́n fi Ẹni Kẹrìnlá àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, kí Màmá lè kí wọn pé ó dìgbóṣe.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, àyè sàréè wà fún wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn, àwọn àbúrò wọn sì ti ń retí láti gbà wọ́n nílé. Màmá ní rárá, Marks Gate ni àwọn ń lọ. Àwọn ará ilé bínú, ìpàdé orí fóònù mẹ́rin ni a ṣe lórí rẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, Màmá sọ fún wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Bàbá mi ní ọmọ márùn-ún tó máa sùn tì wọ́n. Ta ni Monísọ́lá ní?" Àwọn ará ilé gbà. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2025, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Sàréè tí a ó tẹ́ Màmá sí lónìí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ E 217. Chloe wá lánàá pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti tépù, ó rí i dájú pé apá ọ̀tún Màmá ni E 217 yóò bọ́ sí. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá fi ìwé kan sílẹ̀ pé bí a bá ń to orúkọ àwọn ọmọ, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Monísọ́lá, àkọ́bí, ni ó ṣáájú. Jésùfẹ́mi, Dámiláre àti Ayọ̀mípọ̀sí ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Dára àti Seth, àti àwọn àbúrò nílé.

Màmá, ẹ̀yin tí ẹ wẹ gbogbo ènìyàn, a ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ yín. A pè yín lórúkọ kí a tó gbé ọwọ́ yín. Ẹ sùn re o. Ọmọ wà lápá ọ̀tún yín.